Ìjà Tọkọtaya Tí A Gbé Dé Torino

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láyé mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbìyànjú ẹ̀ dáadáa. Mo lè wà lórí ọkọ̀ kékeré tá a fi ń gbé ẹrù sókè nínú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Padova, kí ọjọ́ náà kàn ṣàdédé wá sọ́kàn mi, kí ara mi sì gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé etí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Mo dá wọn lóhùn pé mo ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo gbà pé òṣèré ni mí. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o, èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìsẹ́yìn, mo ṣe ọba nínú eré kan, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Pé olùkọ́ wa ló ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyẹn ò kàn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí kí ayé wá rí mi. Mo retí wọn ní Ìbàdàn, wọn ò wá. Mo dé Italy, mò ń to páálí lórí páálí, mo ṣì ń retí wọn.

Ràfíátù ló fi ìkéde náà hàn mí lórí fóònù. Ọmọ tí wọ́n bí sí Modena ni, yunifásítì Padova ló ń lọ, ó sì máa ń wá bá wa ṣiṣẹ́ ní magazzino lópin ọ̀sẹ̀. Ìkéde náà sọ pé wọ́n fẹ́ tún fíìmù àtijọ́ kan ṣe ní Torino, fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá òkìkí nínú eré ṣíṣe ni, tí wọ́n kó ẹrù wọn, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì forí lé ìwọ̀-oòrùn. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ní Italy ni wọ́n fẹ́ kó ṣe é. Ẹni méjì-méjì ni kí wọ́n wá, kí wọ́n ṣe ìjà tọkọtaya nínú ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n fi èdè ìyá wọn ṣe é. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Ìwọ̀-oòrùn ni Torino wà sí wa ní Padova. Mo ní èmi gan-an ni wọ́n ń wí.

Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni bàbá Ràfíátù. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táìlì ní Modena ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, òógùn wọn ni wọ́n sì fi rán ọmọ wọn ní yunifásítì. Ràfíátù ní ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti sọ fún wọn pé inú ilé lòun máa wà ní Sátidé, pé òun á máa kàwé.

"Tí Papà bá gbọ́ pé mo lọ ṣe tíátà, wọ́n máa kó ẹrù mi padà sí Modena," ó sọ fún mi. "Wọ́n ti sọ ọ́ rí. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ lásán."

Nítorí náà, nǹkan tá a fẹ́ kò pọ̀. Ká dé Torino kí aago márùn-ún tó lù, kí etí Modena má sì gbọ́ ọ.

A wọ tréènì olówó pọ́ọ́kú, èyí tó ń dúró níbi gbogbo. A jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjà wa dánra wò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ọmọ Yorùbá kankan. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn wa tó fi ìborùn bojú sùn. Mo ní ará Morocco ni.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi ohùn tí mo fi ṣọba ní Ìsẹ́yìn bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí Ràfíátù fi dá mi dúró.

"Ẹ̀ ń pariwo jù, Bọ̀dá."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣeré nìyẹn."

"Rárá. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ ti já a gbà lẹ́nu mi. Ma mi ascoltate o no?" Tínú bá ti ń bí Ràfíátù, Italian ló máa ń bọ́ sí. Ó ń bi mí bóyá mò ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ.

Inú bí èmi náà. Ọmọ tí mo fi ọdún méjìlá jù lọ, tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di páálí, òun ló fẹ́ kọ́ mi ní eré. Mo bi í pé kí ni ọmọ tí wọ́n bí sí Modena mọ̀ nípa bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé wa. Ó ní tó bá jẹ́ bí ọkọ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn, ó yẹ kí wọ́n ṣàánú àwọn ìyàwó. Mo ní kó má rí mi fín. Ó ní ká ní òun mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ ni, òun ì bá má bá mi jáde nílé. Mo dìde dúró. Òun náà dìde. Mo ń na ìka sí i lójú, Italian sì ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀ bí òjò. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tá a jọ kọ́ tẹ́lẹ̀.

Ni ọwọ́ kan bá bà lé mi léjìká.

"Ó tó," ni ohùn kan wí. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì."

Ìyá tí mo pè ní ará Morocco ni. Ó ti ṣí ìborùn lójú, mo sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Padova tí kò mọ Alhaja, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Alhaja ò lè mọ gbogbo wa lójú. Àwọn ló ń ta oúnjẹ ilé wa, àwọn ni olórí àwọn ìyá ní mọ́sálásí, àwọn náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí bí tọkọtaya bá ń jà. Ohun tó bá wọ etí Alhaja ní Padova láàárọ̀, Modena á ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́. Àyè ò sí láàárín ìjókòó láti dọ̀bálẹ̀, mo fọwọ́ kanlẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é, mo sì forí gbá apá àga.

Mo la ẹnu láti sọ pé eré ni. Ràfíátù fi èékánná já mi nítan débi pé omi jáde lójú mi.

"Ẹ má bínú mà," ó ní, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ọkọ mi ló mú mi bínú."

Mo wò ó. Kò wò mí. Mo rí èrò ẹ̀ níwájú orí ẹ̀ bí ẹni ń kàwé: tá a bá ní eré ni, bàbá òun á gbọ́, àmọ́ ìyàwó ilé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ dé Modena? Nígbà tí Alhaja bi í lórúkọ, ó ní Sìkírátù lòun ń jẹ́, kò sì ṣẹ́jú. Ẹ wò ó, ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ìgbà yẹn ẹni tó jẹ́ òṣèré nínú àwa méjèèjì.

"Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ra yín?" Alhaja bi wá.

"Kò tíì pẹ́ mà," èmi ni.

"Ó ti ṣe díẹ̀ mà," Ràfíátù ni.

A sọ ọ́ pọ̀. Alhaja wò wá, wọ́n mi orí. "Níbo lẹ̀ ń lọ? Torino? Ọ̀nà kan náà la jọ ń lọ. Mo fẹ́ gbé ẹrù fún àbúrò mi lọ́jà Porta Palazzo. Òun làwọn mùsùlùmí wa tó wà níbẹ̀ máa ń kó ẹjọ́ lọ bá. Ẹ máa tẹ̀ lé mi débẹ̀. Ẹ ò ní gbé ìjà yìí padà sílé."

Ìrìn tó yẹ kó dùn wá di ìdààmú. Tréènì dúró láìsí ibùdókọ̀ kankan, ó dúró, ó tún dúró, wọ́n ń sọ ritardo, ritardo nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé ọkọ̀ ti pẹ́. Alhaja ń lo àkókò náà láti fi sọ fún wa bí wọ́n ṣe máa ń fi sùúrù gbé ilé ọkọ. Ràfíátù ń sọ "Ẹ ṣé mà." Nígbà tí Alhaja wojú fèrèsé, Ràfíátù fi Italian sọ sí mi létí pé tá a bá ti dé Milano tá a fẹ́ pààrọ̀ tréènì, ká sá wọ àárín èrò. Mo gbà. Milano tóbi, èrò ibẹ̀ pọ̀, kò sí bí ìyá àgbà ṣe máa rí wa mú.

A dé Milano. Mo ti na ẹsẹ̀ kan síta nígbà tí Alhaja pè mí. "Ọkọ ìyàwó, bá mi gbé e."

Àpò ńlá méjì ni. Pańla ló wà nínú ẹ̀, òórùn ẹ̀ ti ń jáde láti ojú ìránṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ẹ sọ fún mi, irú ọmọ wo ni ìyá àgbà á ní kó bá òun gbé ẹrù tó máa sọ pé òun ò gbé e? Mo gbé ọ̀kan lé èjìká, mo gbá èkejì mọ́ àyà. Alhaja wá di Ràfíátù lọ́wọ́ mú bí ẹni fẹ́ kọjá títì pẹ̀lú ọmọdé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé pańla onípańla sá lọ? Olè ni wọn ì bá máa pè mí ní mọ́sálásí títí n óò fi kú.

Nínú tréènì kejì, àwọn èèyàn fi àyè sílẹ̀ fún wa dáadáa. Ìyá òyìnbó kan nìkan ló sún mọ́ mi, ó bi mí bóyá baccalà, ẹja gbígbẹ tiwọn, ni, ó sì fẹ́ mọ bá a ṣe ń sè é. Alhaja dá a lóhùn fún wákàtí kan gbáko. Aṣọ tí mo rà nítorí ọjọ́ náà, kóòtù búlúù tó ń dán, ó ti gba òórùn pańla pátápátá. Mo ń wo aago, mo sì ń gbóòórùn ara mi.

Aago mẹ́ta ti kọjá ká tó dé Torino. Mo kó gbogbo ìgboyà mi jọ nínú tram tó ń lọ sí Porta Palazzo.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ rí àwọn kan ní aago márùn-ún."

"Ta lẹ fẹ́ rí tó ju ilé yín lọ?"

Mo gbé àpò pańla padà lé èjìká.

Ọjà Porta Palazzo kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Mo tẹ̀ lé Alhaja láàárín àwọn tó ń polówó tòmátì, mo fi àpò pańla gbá orí èèyàn méjì, wọ́n sì bú mi ní èdè méjì. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mùsílíù, àbúrò Alhaja, wà lẹ́yìn ọjà náà. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan ni, tí kì í kánjú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fa àga fún wa láàárín àpò ìrẹsì, ó wá lọ fa ilẹ̀kùn onírin ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wálẹ̀ dé ààbọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo ilẹ̀kùn yẹn, mo wo aago. Aago mẹ́rin ti kọjá.

Mo dá ọgbọ́n. Mo ní tí mo bá ti gbà pé mo jẹ̀bi, ẹjọ́ á parí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. "Mo jẹ̀bi sà. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"O yára," Bàbá Mùsílíù ní. "Kí lo ṣe?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀. Mo ní mo máa ń pẹ́ wọlé. Ràfíátù, tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ní òótọ́ ni, pé ọmọ á máa sunkún títí màá fi wọlé.

"Ọmọ wo?" ló bọ́ lẹ́nu mi.

Alhaja yọ gíláàsì ojú wọn. Bàbá Mùsílíù fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Ṣé o ò mọ ọmọ ẹ ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n sà. Mo ti gbàgbé ni."

Ràfíátù bojú. Ó yẹ kí n dákẹ́, àmọ́ ẹnu mi kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Mo ṣàlàyé pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Ràfíátù sì ti ń sọ lọ́wọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ aládùúgbò ní Padova. Bàbá Mùsílíù ní ọ̀rọ̀ náà ti ju ohun tí òun rò lọ, ọkọ tó bá ti ń sẹ́ ọmọ, ó yẹ kí àwọn òbí ìyàwó gbọ́. Ó fẹ́ mọ lèmọ́mù tó so yìgì wa, ó sì fẹ́ mọ bàbá ìyàwó.

Ibi tá a bá a dé nìyẹn nígbà tí fóònù Ràfíátù dún lórí àpò ìrẹsì. Bàbá ẹ̀ máa ń pè é lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, a ti gbàgbé. "Papà" ló hàn lójú ẹ̀, tòun ti àwòrán wọn. Ràfíátù fò sí i, àmọ́ Alhaja ló sún mọ́ ọn jù.

"Bàbá ìyàwó ló ń pè yìí," Alhaja ní. "Ọlọ́run ti bá wa tún un ṣe." Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ojú bàbá náà jáde, pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí wọn àti eruku funfun nínú irùngbọ̀n wọn.

"Ràfí, ṣó o ti jẹun? Ṣé ìwé ń wọlé?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji," Alhaja dáhùn. "Alhaja ló ń sọ̀rọ̀, ti Padova. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tó le. Ọmọ yín àti ọkọ ẹ̀ ló ní gbólóhùn asọ̀, a wá dá sí i."

Bàbá náà sún mọ́ fóònù. À ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń dún lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ mi àti ta?"

"Ọkọ ẹ̀. Èyí tó ní òun gbàgbé ọmọ òun."

"Ọmọ wo?"

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Mi ò tíì dìde nílẹ̀, mo gbórí sókè láti ibẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ọmọ, eré la fẹ́ lọ ṣe, fíìmù ni.

"Níbo lẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà?" bàbá náà bi wọ́n.

"Ó wà nílẹ̀," Alhaja dáhùn. "Ẹ má dá a lóhùn, Alhaji. Ojú mi báyìí ló ṣe nínú tréènì. Iṣan ọrùn ẹ̀ ti dìde. Ìyàwó náà ń fi èdè òyìnbó bú u. Eré wo nìyẹn?"

Lọ́jọ́ mìíràn, ìyìn ni ǹ bá ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Mi ò bẹ̀rù fún ara mi mọ́. Mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi ariwo mi fà á. Ká ní mo gbọ́ nígbà tó ní kí n rọra sọ̀rọ̀ ni, Alhaja ì bá sùn dé Torino.

Ràfíátù gba fóònù lọ́wọ́ Alhaja. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Italian, "Papà, senti." Bàbá ẹ̀ dá a dúró.

"Yorùbá ni kó o sọ, kí àwọn tó ń dá ẹjọ́ lè gbọ́."

Ó sọ ọ́. Yorùbá ẹ̀ ń tán lójú ọ̀nà, ó ń wá a kiri, ó ń nu ojú, ó tún ń bá a lọ. Ó sọ nípa fíìmù, ó sọ nípa tréènì, ó sọ pé òun ló pe èmi lọ́kọ òun, kì í ṣe èmi. Nígbà tó parí, bàbá ẹ̀ yọ fìlà.

"Tíátà kọ́ ló ń dùn mí, Ràfí. Mo pè ọ́ láàárọ̀, o ní ò ń kàwé. Mo tètè gé fóònù kí n má bàa dà ọ́ láàmú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbàdúrà pé kí ìwé yé ọ, inú tréènì lo sì wà."

Kò sẹ́ni tó lè wo ẹnì kejì ẹ̀ lójú. Ràfíátù kúnlẹ̀ síwájú fóònù. Bàbá Mùsílíù, tí ẹjọ́ ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ń tún ìrẹsì tò tí kò nílò títò.

"Ẹ ṣe é kí n rí i," bàbá náà sọ nígbà tó yá.

"Kí ni, Papà?"

"Eré tó tó kó o parọ́ fún mi. Ẹ ṣe é."

A gbé fóònù ti àpò ìrẹsì. A dìde, a bẹ̀rẹ̀. Mo ní lónìí ni lónìí ń jẹ́, mo gbé ohùn Ìsẹ́yìn jáde, mo na ọwọ́, mo yí ojú, mo rí i dájú pé mi ò kẹ̀yìn sí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tá a parí, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo dúró de ìyìn.

"Ọmọ mi, o mọ̀ ọ́n ṣe," bàbá náà sọ, ohùn wọn sì ti rọ̀. "Ìwọ ọ̀dọ́kùnrin, má bínú o. Ọmọ mi ń bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ ń bá fóònù sọ̀rọ̀. O ò gbọ́ ohunkóhun tó sọ. O kàn ń dúró kó dákẹ́ ni."

"Kì í ṣe báyìí ló ṣe nínú tréènì," Alhaja fi kún un, bí ẹni tí wọ́n ta ọjà fún tí kò dára tó bí wọ́n ṣe polówó ẹ̀.

Bàbá náà ní ká máa lọ. Wọ́n ní kí Alhaja bá wa lọ, kí wọ́n fi ojú wọn rí ibi tí ọmọ náà wọ̀. Wọ́n tún ní ìdánwò ń bẹ, àti pé àwọn á sọ èyí tó kù fún Ràfíátù tí wọ́n bá ríra. Ràfíátù ń sọ "Sì, Papà," ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Mùsílíù fi ọkọ̀ tó fi ń kó ọjà gbé wa. Alhaja àti Ràfíátù jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn láàárín àlùbọ́sà. Obìnrin kan ti ń ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń yan òṣèré nígbà tá a dé. Ràfíátù bẹ̀ ẹ́, ó ní àkókò ti lọ. Èmi bẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ bomú. Alhaja ló sọ̀kalẹ̀ ní tiwọn wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n di obìnrin náà lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe di Ràfíátù mú ní Milano, wọ́n ní, "Signora, pazienza. Sono figli miei." Wọ́n ní kó ṣe sùúrù, ọmọ Alhaja la wá dà báyìí. Obìnrin náà wo ọwọ́ tó dì í mú, ó wo ojú Alhaja, ó ṣílẹ̀kùn.

Mo ti pinnu nínú àlùbọ́sà pé màá gbọ́ ohun tí Ràfíátù bá sọ. Mo fi Ọlọ́run búra, mo pinnu. Àmọ́ nígbà tí mo rí iná, tí mo rí àwọn èèyàn tó jókòó tí wọ́n ń wò mí, mo tún di ọba. Obìnrin tó ń darí fíìmù náà ní kí n tún un ṣe, kí n rọra ṣe é. Mo tún un ṣe, ó tún wá le sí i. Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ka ti ọkọ fún Ràfíátù, ní Italian. Ọmọkùnrin tó kà á kò mọ eré ṣe, ó ń kà á bí ẹni ń ka àkókò tréènì, àmọ́ ó ń wojú Ràfíátù, ó ń dúró dè é. Gbogbo gbọ̀ngàn ló rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo gbọ̀ngàn ló dákẹ́. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja, mo rí i pé ó dára. Ó dùn mí wọnú eegun.

Wọ́n gba nọ́ńbà Ràfíátù, wọ́n sì sọ ọjọ́ tó máa padà wá. Wọ́n yíjú sí èmi. "Grazie, le faremo sapere." Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí ní Italy mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá ní àwọn á jẹ́ kó o mọ̀, o ti mọ̀.

Alhaja sùn sọ́dọ̀ àbúrò wọn. Èmi àti Ràfíátù la jọ padà. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò ní Torino, mo kọjú sí fèrèsé, mò ń bínú sí i, mò ń bínú sí bàbá ẹ̀, mò ń bínú sí pańla. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn mú ìwé eré tí wọ́n fún un jáde nínú báàgì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè máa ka ti ọkọ fún mi? Mo fẹ́ kọ́ tèmi sórí."

Rárá ló wà lẹ́nu mi. Mo gba ìwé náà nítorí pé mi ò fẹ́ kó rí ojú mi. Kò sẹ́ni tó ń wò wá, ó sì ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè pariwo. Mo ka gbólóhùn kan, mo dúró. Ràfíátù dáhùn. Mo gbọ́ ọ. Ó ní òun ti ń bá ọkọ òun rìn láti ọjọ́ yìí, òun nìkan ló sì dà bíi pé ó wà nínú ọkọ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí, bí ẹni pé èmi gan-an ni mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo rọra dáhùn.

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí títí. "Ẹ rí i," ó ní. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ṣe é báyìí?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ó sì ná mi ní gbogbo ohun tí mo bá lọ sí Torino. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé yìí tí mò ń retí kí wọ́n wá rí mi, mi ò sì fetí sílẹ̀ sí ẹnì kan lójúmọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Mo sì tún kọ́ pé kéèyàn má ṣe máa fi ojú lásán pe ìyá àgbà ní ará Morocco.

Ràfíátù yege nínú ìdánwò ẹ̀, ó sì ṣe fíìmù náà. Èmi ni mo ń ka ti ọkọ fún un lẹ́nu ìsinmi wa ní magazzino, láàárín páálí, títí tó fi mọ̀ ọ́n dáadáa, tó wá lọ bá ọkọ gidi tí wọ́n fún un. Àwọn tó bá rí i níbi tí wọ́n ti ń wo fíìmù máa ń sọ pé, ọmọ yìí mọ eré ṣe o, ta ló kọ́ ọ? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi ni ọkọ ẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ tèmi kì í pẹ́ tó tiwọn.